Orí Keje: Sísẹ́ẹ̀tì Ẹ́ńjìnnì Tí A Ti Yí Padà

Ọkọ̀ tí a ti yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà pọ̀ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ju bí àwọn tó ni wọ́n ṣe mọ̀ lọ. Camry kan gbóná lójijì nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìlasamájà, mẹkáníìkì sì yọ tọ́mósítáàtì rẹ̀ dànù: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti yí padà nìyẹn. Wọ́n gé kátálíìsì Honda kan tà, wẹ́dà fi páìpù gbọọrọ dí àyè rẹ̀: òun náà ti yí padà. Mercedes àtijọ́ tí wọ́n tú gbogbo ètò nọ́súlù rẹ̀ kúrò, tí wọ́n gbé kàbúrétọ̀ ọkọ̀ mìíràn lé e lórí, ti yí padà kọjá ohun tí ẹni tó ṣe é lè dá mọ̀. A kò tíì ka àwọn tó lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, lẹ́bàá títì Òṣòdì sí Apapa, tí wọ́n ra ẹ́ńjìnnì tọ́kùnbọ̀ tó tóbi ju èyí tó bá ọkọ̀ wọn wá.

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti kọ ìwọ̀n epo àti àsìkò iná sínú bréènbọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, fún ẹ́ńjìnnì bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde. Bí a bá yí nǹkan kan lára ẹ́ńjìnnì náà, ohun tí wọ́n kọ yẹn kò bá a mu mọ́. Iṣẹ́ mímú wọn bára mu padà ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní sísẹ́ẹ̀tì. Orí yìí wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà ní àgbàlá ilé. Òfin kan ṣoṣo ló gba iwájú nínú rẹ̀: wọn kí o tó yí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá ọlọ́gbọ́n tí yóò bá wọn tún bréènbọ́ọ̀sì kọ, tọ́mósítáàtì tuntun ni ọkọ̀ wọn ń wá.

7.1 Láti etí dé mítà

Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kaduna. Ọdún náà gan-an ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ìran mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ lára Peugeot 504 àti Volkswagen Ìjàpá fi etí àti ìka ṣiṣẹ́. Ọ̀gá yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, yóò yí ìdè kékeré tó wà lára kàbúrétọ̀ wọlé títí ẹ́ńjìnnì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀, yóò tún yí i jáde díẹ̀díẹ̀ títí ìró rẹ̀ yóò fi dán. Síbẹ̀ wọ́n ń wọn nǹkan. Fílà gééjì wà nínú àpótí irinṣẹ́ wọn: mílímítà 0.4 fún àlàfo póíǹtì Ìjàpá, 0.15 fún fáàfù rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé àwọn àgbà wọ̀nyí kàn ń méfò ni, kò dúró tì wọ́n rí.

Etí ṣì wúlò. Ó ń dá mísì mọ̀, ó ń dá tápẹ́ẹ̀tì tó tú mọ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni kó gbọ́ pé epo kò tó nínú sìlíńdà nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré pẹ̀lú ẹrù, nítorí ẹ́ńjìnnì lè máa dún dáadáa bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ tí orí písítìnì yóò fi yọ́.

Ní 1976, Volvo fi sẹ́ńsọ̀ kan tí Bosch ṣe sínú sáyílẹ́ńsà ọkọ̀ rẹ̀, èyí tó ń wo bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣe ṣẹ́kù sí nínú èéfín. Láti ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì ti ń rí àbájáde iṣẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tó di 1996, ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ní ojú ìsopọ̀ kan náà tí a lè fi ka bréènbọ́ọ̀sì. Èrè ìyẹn kàn wá, torí pé púpọ̀ nínú tọ́kùnbọ̀ wa, Amẹ́ríkà ló ti wá. Bí ọkọ̀ rẹ bá jẹ́ ti ibẹ̀, tó sì jẹ́ ti 1996 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, fi ọwọ́ wá abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí: ihò oníka 16 kan wà níbẹ̀.

7.2 Afẹ́fẹ́, epo àti iná

Kí gíráàmù pẹtiróòlù kan tó jó tán pátápátá, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gíráàmù 14.7. Ìwọ̀n pípé nìyẹn, àmì rẹ̀ sì ni λ = 1. Bí epo bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó sọ pé àdàlù náà ki; bí kò bá tó, ó ṣàn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́jẹ́, ìwọ̀n pípé ni a ń fẹ́. Nígbà tí a bá tẹ tíróótù mọ́lẹ̀ pátápátá, a ń fẹ́ kó ki díẹ̀, nǹkan bí 12.5 sí 13, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára wà, epo tó lé náà sì ń bá wa tu inú sìlíńdà lára.

Jẹ́ kí á ṣírò ó. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 tó ní sìlíńdà mẹ́rin ń gba ìdajì lítà afẹ́fẹ́ sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Ní ooru 30°C, lítà afẹ́fẹ́ kan wúwo tó gíráàmù 1.16. Nítorí náà:

afẹ́fẹ́ = 0.5 × 1.16 = gíráàmù 0.58
epo = 0.58 ÷ 14.7 = gíráàmù 0.039, tí í ṣe nǹkan bíi mílílítà 0.053

Epo díẹ̀ gbáà nìyẹn. Nọ́súlù tó ń tú mílílítà 240 jáde ní ìṣẹ́jú kan, mílílítà 4 ló ń tú ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó tó tú 0.053 jáde, yóò ṣí ẹnu fún ìdá 13 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá (13 ms).

Wàyí o, wọ́n ta nọ́súlù mìíràn fún ọ tó ń tú 360. Ó wọlé wẹ́kú, wáyà rẹ̀ bára mu, ọkọ̀ sì sitáàtì. Bréènbọ́ọ̀sì kò mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Ó ṣì ń ṣí i fún 13 ms, epo tó ń jáde sì ti di ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Dípò 14.7, àdàlù náà ti di 9.8. Èéfín dúdú yóò máa jáde, púlọ́ọ̀gì yóò dúdú bí ìdí ìkòkò, epo yóò sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà. Ẹni tó bá lóye ìṣirò yìí ti lóye ìdajì orí yìí.

Iná ńkọ́? Àdàlù kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà, iná ń rìn nínú rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí púlọ́ọ̀gì fi ń tan iná kí písítìnì tó dé òkè pátápátá. Lára ẹ́ńjìnnì 5S-FE tó wà nínú Camry ìgbà 1990, ìpìlẹ̀ tíámìǹgì jẹ́ dígírì 10 ṣáájú òkè. Àwọn tó máa ń gbàgbé pọ̀: kí o tó fi iná tíámìǹgì wò ó, fi wáyà kékeré so TE1 mọ́ E1 nínú àpótí tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí o kò bá so wọ́n, bréènbọ́ọ̀sì yóò ti fi tirẹ̀ kún un, iye tí o sì rí kì í ṣe ìpìlẹ̀ mọ́. Bí o bá parí, yọ wáyà náà.

7.3 Kíka ohun tí ẹ́ńjìnnì ń sọ

Síkáńnà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ELM327, ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ ènìyàn ń rà á kí wọ́n lè pa iná “check engine”. Ìfiṣòfò gbáà ni. Iná náà kì í ṣe àìsàn, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà kì í ṣe ìdáhùn. Ohun tó yẹ kí o máa wò ni àwọn iye tó ń yí lọ yí bọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni fuel trim, ìwọ̀n ìtúnṣe epo. Oríṣi méjì ni: ọ̀kan ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá, èkejì ń kọ́ ìṣe ẹ́ńjìnnì fún ìgbà pípẹ́. Bí ó bá jẹ́ +12, bréènbọ́ọ̀sì ń fi epo ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún kún ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ sọ fún un pé epo kò tó. Bí ó bá jẹ́ −12, ó ń dín in kù. Láàárín −10 àti +10, má ṣe da ara rẹ láàmú. Bó bá ti ń sún mọ́ +25, nọ́ńbà P0171 kò ní pẹ́ yọjú. Lápá kejì, P0172 ni.

Má ṣe wo iye náà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń dún jẹ́jẹ́, wò ó ní 2,500 rpm, wò ó nígbà tí ọkọ̀ ń gun bíríìjì. Lára ọkọ̀ tó ń fi sẹ́ńsọ̀ MAF wọn afẹ́fẹ́, bíi Camry “Big Daddy”, bí ìtúnṣe bá jẹ́ +18 nígbà tó ń dún jẹ́jẹ́, tó wá bọ́ sí +3 nígbà tí o tẹ tíróótù, afẹ́fẹ́ kan ń yọ́ wọlé lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀, láti ara rọ́bà tó ti là. Bó bá jẹ́ òdìkejì, tó dára níbi jẹ́jẹ́ tó sì ń ga nígbà tí ẹrù bá pọ̀, wo pọ́ǹpù epo àti fítà. Láti wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí oríkèé àwọn rọ́bà náà. Ibi tí ìró ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà ni. Àwọn kan ń fi pẹtiróòlù wọ́n ọn. Àwọn náà ló ń pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá bá wọn paná.

7.4 Àwọn àyípadà tó wọ́pọ̀ ládùúgbò wa

Tọ́mósítáàtì ló yẹ kí á fi ṣáájú, nítorí pé òun ni wọ́n ń yọ jù. Wọ́n á ní Èkó gbóná, kò yẹ kí ohunkóhun máa dí omi lọ́nà. Ṣùgbọ́n rédíétọ̀ tó ti dípẹtà látàrí omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń bù sí i, tàbí fáànù tí kò yí mọ́, ló sábà máa ń mú ọkọ̀ gbóná. Tọ́mósítáàtì ọ̀pọ̀ Toyota ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 82°C. Bí o bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì yóò ṣì gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Òṣòdì, torí ọkọ̀ kò rìn. Ṣùgbọ́n bí títì bá là, ooru rẹ̀ lè já wálẹ̀ sí 60. Bréènbọ́ọ̀sì yóò rò pé òwúrọ̀ kùtù ni, pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, yóò sì máa fún un ní àdàlù tó ki. Olówó ọkọ̀ yóò wá máa pariwo pé ọkọ̀ ń mu epo. Kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò tún èyí ṣe dáadáa. Dá tọ́mósítáàtì padà, fọ rédíétọ̀, tún fáànù ṣe, kí o tó wo ohun mìíràn.

Kátálíìsì ní tirẹ̀, owó ló ń lé e jáde: platinum, palladium àti rhodium wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń rà á sì mọ̀. Yàtọ̀ sí èéfín burúkú tó di ìpín gbogbo àdúgbò, ewu tó wà fún sísẹ́ẹ̀tì wà níbi tí wẹ́dà ti jó o. Bí ihò kékeré bá ṣẹ́kù ṣáájú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ ìta yóò máa wọ inú páìpù. Sẹ́ńsọ̀ yóò rí ọ́síjìn tí kò ti inú sìlíńdà wá, yóò jábọ̀ pé epo kò tó, bréènbọ́ọ̀sì yóò sì máa da epo sí ẹ́ńjìnnì tí epo rẹ̀ ti tó tẹ́lẹ̀. Fuel trim yóò sọ pé àdàlù ṣàn, púlọ́ọ̀gì yóò dúdú. Nígbà tí ẹlẹ́rìí méjì bá ta kora báyìí, gba ti púlọ́ọ̀gì gbọ́.

Ní ti ẹ́ńjìnnì tí a gbé wọlé láti inú ọkọ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: rà á pẹ̀lú wáyà àti bréènbọ́ọ̀sì tirẹ̀ látara ọkọ̀ kan náà. Rẹwáyà tó mọṣẹ́ lè so ohun tó yàtọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n owó tí o rò pé o dá dúró ní Ládípọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò ti jáde.

Epo fúnra rẹ̀ náà lè yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, pẹtiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè wa, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jágbọ́n. Gíráàmù methanol kan, afẹ́fẹ́ gíráàmù 6.4 péré ló ń fẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé fún afẹ́fẹ́ kan náà, epo alámùúlùmálà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ìtúnṣe yóò sì máa gòkè lára ọkọ̀ tí kò ní àlébù kankan. Nítorí náà, kí o tó yí ìdè kan, béèrè ibi tí wọ́n ti ra epo.

7.5 Nígbà tó bá wá kan bréènbọ́ọ̀sì

Bí gbogbo ohun tó wà lókè yìí bá ti dúró ṣinṣin, tí nọ́súlù tàbí ẹ́ńjìnnì sì yàtọ̀ sí ti ilé-iṣẹ́ ní tòótọ́, a lè sọ̀rọ̀ lórí títún ìwé inú bréènbọ́ọ̀sì kọ. Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀nà tó là jù ni àwọn bréènbọ́ọ̀sì tí ènìyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Bruce Bowling àti Al Grippo gbé MegaSquirt jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001. Lẹ́yìn wọn ni Josh Stewart ní Australia gbé Speeduino kalẹ̀ lórí pátákó Arduino Mega. Láptọ́ọ̀pù àti ètò TunerStudio ni a fi ń bá méjèèjì sọ̀rọ̀. Rí i pé bátìrì láptọ́ọ̀pù kún kí o tó bẹ̀rẹ̀: bí iná bá lọ láàárín ìgbà tí o ń kọ nǹkan sínú bréènbọ́ọ̀sì, wàhálà dé.

Inú rẹ̀, tábìlì ni. Ìlà kan ń ka iye yíyí ẹ́ńjìnnì, ìkejì ń ka ìfúnpá afẹ́fẹ́ nínú máńífóòlù, iye tó wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń sọ bí sìlíńdà ṣe kún tó nínú ọgọ́rùn-ún. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó bá ọkọ̀ wá kò tó fún iṣẹ́ yìí. Láàárín fóólìtì 0.1 àti 0.9 ló ń fò sókè fò sódò, 0.45 ni àárín rẹ̀. Ó lè sọ pé epo pọ̀ tàbí kò tó, kò lè sọ bí ó ṣe pọ̀ tó. Wideband ni kí o rà, irú èyí tó ń lo sẹ́ńsọ̀ Bosch LSU 4.9. Bí owó bá kéré, fi ohun mìíràn sílẹ̀, má ṣe fi èyí sílẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le:

iye tuntun = iye àtijọ́ × ìwọ̀n tí o rí ÷ ìwọ̀n tí o fẹ́

Bí yàrá kan bá ní 60, tí wideband sì fi 16.2 hàn níbi tí o ti ń fẹ́ 14.7, iye tuntun jẹ́ 60 × 16.2 ÷ 14.7 = 66. Yí yàrá yẹn àti àwọn tó yí i ká díẹ̀, kí o sì tún wọn ọ́n. Má ṣe yí epo àti tíámìǹgì lọ́jọ́ kan náà. Bí nǹkan bá bàjẹ́, o kò ní mọ èyí tó bà á jẹ́.

Àkọsílẹ̀ tí o bá gbà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ yóò kún igun kékeré kan lára tábìlì náà, yóò fi ìyókù sílẹ̀ lófìfo. Jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú nígbà tí títì dá, kí ẹnì kan wakọ̀, kí ẹlòmíràn di láptọ́ọ̀pù mú. Ẹni tó ń wakọ̀ kò gbọdọ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà rárá.

Tíámìǹgì ni kí o bẹ̀rù jù. Bí iná bá ń tètè tàn jù, àdàlù tó ṣẹ́kù ní ìkángun sìlíńdà yóò gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìró rẹ̀ dà bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Bí o bá gbọ́ ọ, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tíróótù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí o sì dá dígírì méjì tàbí mẹ́ta padà. Láìsí ẹ̀rọ tó ń wọn agbára, o kò lè mọ dígírì tó dára jù ní àgbàlá ilé. Èyí tí kò ní pa ẹ́ńjìnnì ni kí o gbà.

7.6 Àgbàlá àti àwọn ará ilé

Ilé tí àwọn ayálégbé pọ̀ sí ni púpọ̀ nínú wa ń gbé. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní carbon monoxide nínú, gáàsì tí kò ní òórùn, tó sì ń pani lójú oorun, bí ti jẹnẹrétọ̀ gẹ́lẹ́. Ìta gbangba ni kí sáyílẹ́ńsà kọjú sí, kì í ṣe fèrèsé ẹnikẹ́ni. Kí ìpaná oníyẹ̀fun wà nítòsí, kí ọkọ̀ má sì dúró lórí jáàkì nìkan nígbà tí o bá wà lábẹ́ rẹ̀. Sọ fún ìyá onílé kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ariwo tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í fa ìjà bí èyí tó ji wọ́n lójijì.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, ọ̀pọ̀ ń gbé ọkọ̀ wọn lọ sórí gáàsì CNG. Sísẹ́ẹ̀tì ni òun náà, torí pé afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sún mọ́ 17 fún gíráàmù kan, iná rẹ̀ sì ń rìn jẹ́jẹ́ ju ti pẹtiróòlù lọ. Ṣùgbọ́n ìfúnpá inú sìlíńdà gáàsì rẹ̀ tó bar 200. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ló yẹ kó fọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 kan ní sìlíńdà mẹ́rin. Ní 30°C, epo gíráàmù mélòó ni sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ bí ó bá kún ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún?

2. Gba ààyè lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní ọkọ̀ ní àdúgbò rẹ. Kọ ooru omi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, láti ìgbà tó bá sitáàtì títí di ogún ìṣẹ́jú tó ti ń rìn lójú títì tó là. Ǹjẹ́ tọ́mósítáàtì wà nínú rẹ̀? Sọ bí o ṣe mọ̀ láìtú nǹkan kan.

3. Fuel trim ọkọ̀ kan jẹ́ +20 níbi gbogbo, púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dúdú. Wẹ́dà ṣiṣẹ́ lára sáyílẹ́ńsà rẹ̀ ní oṣù tó kọjá. Níbo ni wàá kọ́kọ́ wò, kí sì ni ìdí tí o kò fi ní fọwọ́ kan nọ́súlù?

4. Yàrá kan nínú tábìlì ní 72. Ìwọ̀n tí o fẹ́ jẹ́ 13.0, èyí tí wideband fi hàn jẹ́ 11.8. Kí ni iye tuntun?